Orí Kẹrin: Ìgbà Àfikún àti Ìgbà Àdínkù, Oúnjẹ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ sí í Gbé Irin

Ẹni tó bá wọ jímù kì í pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì kan: bulking àti cutting. Bulking ni ìgbà tí èèyàn ń jẹ ju ohun tí ara rẹ̀ ń ná lọ, kí iṣan lè rí ohun tó máa fi tóbi. Cutting ni ìgbà tó ń jẹ dín sí ohun tí ara ń ná, kí ọ̀rá tó bo iṣan náà lè yọ́ kúrò. Nínú orí yìí, ìgbà àfikún àti ìgbà àdínkù la ó máa pè wọ́n.

Kókó kan ni mo fẹ́ kó yé ọ yékéyéké kó o tó lọ síwájú: àfikún tó ń kọ́ iṣan kéré gan-an sí èyí tí wọ́n máa ń sọ fún ọ ní jímù. Wọ́n á ní kó o ṣáà máa jẹ, kó o bu ẹ̀bà méjì lé èyí tó o jẹ tẹ́lẹ̀, pé tó bá yá ọ̀rá á lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti torí bẹ́ẹ̀ yọ ikùn kí àyà wọn tó gbòòrò. Bíríkìlà kan kò lè mọ ju iye búlọ́ọ̀kù tí ọwọ́ rẹ̀ ká lóòjọ́. Bó o bá kó búlọ́ọ̀kù ẹgbẹ̀rún sílẹ̀ fún un, èyí tí kò bá lò á kàn dí ojú ọ̀nà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara: ìwọ̀nba ni iṣan tó lè kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rá ló ń sọ ọ́ dà.

Àwọn tó ń fi iṣan díje lórí pèpéle ló jẹ́ kí àṣà jíjẹ àjẹyó yìí gbilẹ̀. Samson Dauda, ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba adé ìdíje iṣan tí wọ́n ń pè ní Mr. Olympia lọ́dún 2024. Ọjọ́ ìdíje ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ fi ń ṣètò ọdún wọn. Wọ́n mọ oṣù tí wọ́n máa tóbi, wọ́n mọ oṣù tí wọ́n máa gbẹ, wọ́n sì ní olùkọ́ tó ń ṣọ́ gbogbo oúnjẹ wọn. Ìwọ ò ní ìdíje kankan níwájú. Ohun tó ń bẹ níwájú rẹ ni ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, èyí tí ara máa ń dáhùn sí irin jù lọ. Má fi ṣòfò.

Èwo ni kó o fi bẹ̀rẹ̀?

Wá téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ní àárọ̀, kó o tó jẹun, yí i ká ikùn rẹ níbi ìdodo. Má fa ikùn wọlé, má sì fún téèpù náà mọ́ra. Lẹ́yìn náà, wọn bó o ṣe ga tó.

Bí ìwọ̀n ikùn rẹ bá ju ìdajì gíga rẹ lọ, ìgbà àdínkù ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170, ikùn rẹ̀ kò yẹ kó ju 85 lọ. Ìlera gan-an ló béèrè ìyẹn, ká tó sọ ti ẹwà ara.

Bó o bá rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí egungun ìhà rẹ ń hàn, tí ẹ̀wù rẹ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ́rùn, ìgbà àfikún ni tìrẹ.

Bó o bá wà láàárín, má ṣe àfikún, má ṣe àdínkù. Máa jẹ ìwọ̀n tí ara rẹ ń ná, kó o máa gbé irin fún oṣù mẹ́ta. Ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè máa kọ́ iṣan kó sì máa yọ́ ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹfààní yìí kì í pẹ́ lọ, nítorí náà lò ó nígbà tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Bó o bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, bó o bá lóyún tàbí tó ò ń fún ọmọ lọ́mú, rí dókítà kó o tó ṣí ojú ewé tó kàn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ṣe ìgbà àdínkù láìjẹ́ pé dókítà ló ní kó ṣe é.

Mọ iye tí ara rẹ ń ná

Kálórì la fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ. Gíráàmù kan èròjà amúaradàgbà, irú èyí tó wà nínú ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà, ní kálórì 4. Gíráàmù kan ṣítáàṣì, irú èyí tó wà nínú gàrí àti ìrẹsì, náà ní 4. Gíráàmù kan epo tàbí òróró ní 9. Fi ti epo yìí sọ́kàn, a ó padà bá a.

Láti mọ ibi tó o máa ti bẹ̀rẹ̀, fi 33 sọ ìwọ̀n ara rẹ ní kílò di púpọ̀. Ká ní ọ̀dọ́kùnrin kan wọn kílò 65, tó ń gbé irin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó sì ń rìn díẹ̀ lójúmọ́: 65 lọ́nà 33 jẹ́ 2,145. Ìyẹn ni kálórì tí ara rẹ̀ ń ná lóòjọ́, bí a bá fojú bù ú. Ẹni tó ń ru ẹrù tàbí tó ń ṣiṣẹ́ kọ́lékọ́lé máa ná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ní ná tó bẹ́ẹ̀.

Ìfojúbù ṣì ni. Òṣùwọ̀n ló máa sọ òótọ́ fún ọ. Láràárọ̀, tó o bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán, tó ò sì tíì fẹnu kan nǹkan, gun òṣùwọ̀n, kó o kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó o fi 7 pín in. Ìdáhùn yẹn ni kó o máa fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Má fi ọjọ́ kan wé ọjọ́ kejì, torí pé iyọ̀ inú ọbẹ̀ alẹ́ àná nìkan tó láti mú kí ara gba omi dúró. Fún obìnrin, nǹkan oṣù náà máa ń mú kí omi ara pọ̀ tàbí kó dín, nítorí náà ọ̀sẹ̀ tó bára mu nínú oṣù méjì ni kó o fi wéra.

Ìgbà àfikún

Fi kálórì 250 sí 300 kún ohun tí ara rẹ ń ná. Obìnrin lè fi 150 sí 200 bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀dọ́kùnrin wa oníkílò 65, bíi 2,450 lóòjọ́ nìyẹn. Ìlọ́po méjì ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, tàbí mílíìkì oníyẹ̀fun 60 gíráàmù, ti kárí àfikún náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èròjà amúaradàgbà ṣe kókó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Jẹ gíráàmù 1.6 ó kéré tán fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, ó sì lè tó 2. Ẹni tó wọn kílò 65 nílò 104 lóòjọ́. Pín in sí ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ò ń jẹun. Má kó gbogbo rẹ̀ jọ de alẹ́.

Bí ọjọ́ kan ṣe lè rí nìyí:

- Àárọ̀: ẹyin mẹ́ta tí a fi òróró díẹ̀ dín, búrẹ́dì ègé mẹ́rin, tíì pẹ̀lú mílíìkì oníyẹ̀fun 30 gíráàmù.
- Ọ̀sán: ìrẹsì 100 gíráàmù, kó o wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ kó o tó sè é, ife ẹ̀wà sísè kan, ẹja Títù 100 gíráàmù, ọbẹ̀ ata tí òróró rẹ̀ kò ju ṣíbí ìjẹun kan lọ nínú ìpín tìrẹ.
- Lẹ́yìn irin: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan.
- Alẹ́: ẹ̀bà tí a fi gàrí 80 gíráàmù tẹ̀, ewédú tàbí ẹ̀fọ́, ẹran adìẹ 100 gíráàmù.

Gbogbo rẹ̀ sún mọ́ kálórì 2,475, èròjà amúaradàgbà rẹ̀ sì tó bíi gíráàmù 110. Kò sí oúnjẹ òkèèrè kankan níbẹ̀.

Lọ́nà yìí, ara rẹ á máa fi 150 sí 300 gíráàmù kún un lọ́sẹ̀, nǹkan bíi kílò kan lóṣù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè fò sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ, má bẹ̀rù. Oúnjẹ oníṣítáàṣì tí iṣan ń tọ́jú pa mọ́ máa ń gba omi mọ́ra ni. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta lọ, bí òṣùwọ̀n bá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, fi kálórì 100 kún un. Bó bá ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, yọ 100 kúrò. Máa yí téèpù ká ikùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Bí ikùn bá ń gbòòrò, tí irin tó ò ń gbé kò sì wúwo sí i, oúnjẹ rẹ ti pọ̀ jù.

Ìgbà àfikún lè gba oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Iṣan lówó pọ́ọ́kú

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tí kò lówó ike ńlá tí wọ́n ń ta yẹ̀fun amúaradàgbà sí kò lè rí ara kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn yẹ̀fun yẹn, inú mílíìkì ni wọ́n ti ń fà á jáde. Ó rọrùn láti mu, àmọ́ kò ní agbára tí ẹja kò ní.

Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6 èròjà amúaradàgbà. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 14. Ẹja Títù 100 gíráàmù ní bíi 19. Ṣáwà àti kọ́té náà kò gbẹ́yìn, wọ́n sì máa ń dínwó ju ẹran lọ. Sóyà gbígbẹ 100 gíráàmù ní bíi 36: ọ̀pọ̀ ilé ti ń pò ó mọ́ ògì ọmọ, àgbàlagbà náà lè mu ún. Gbẹ̀gìrì, mọ́ínmọ́ín, wàrà àwọn Fúlàní, edé gbígbẹ nínú ọbẹ̀, gbogbo wọn ló ń kún un. Ẹ̀wà àti ìrẹsì tí a bá jẹ pọ̀ máa ń ran ara wọn lọ́wọ́, ohun tó dín nínú ọ̀kan wà nínú èkejì.

Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Ó ń jẹ́ kí ọbẹ̀ dùn, kò sì ní ọ̀rá púpọ̀, àmọ́ irú èròjà amúaradàgbà tó wà nínú awọ kò pé. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Jẹ pọ̀nmọ́ bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má kà á mọ́ iye èròjà amúaradàgbà tó o gbọ́dọ̀ jẹ lóòjọ́.

Ìgbà àdínkù

Ká ní oṣù mẹ́fà ti kọjá, ọ̀dọ́kùnrin wa ti wọn kílò 71. Ara rẹ̀ ń ná bíi 2,340 báyìí. Yóò yọ 350 sí 500 kúrò, kó má yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò sì gbé èròjà amúaradàgbà sókè sí gíráàmù 1.8 sí 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan, torí pé òun ló ń dáàbò bo iṣan nígbà tí oúnjẹ bá dín, òun náà ló sì ń mú kí èèyàn pẹ́ yó.

Kò nílò oúnjẹ tuntun. Ọjọ́ tí a tò sókè yẹn náà ni yóò tún tò. Búrẹ́dì mẹ́rin á di méjì, ẹyin mẹ́ta á di mẹ́rin. Ìrẹsì á wálẹ̀ sí 60 gíráàmù, ẹja á gòkè sí 150. Òróró ọbẹ̀ á di ìlàjì ṣíbí. Kùkúmbà á gba ipò ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gàrí á di 50 gíráàmù, igẹ̀ adìẹ tí a ti bó awọ rẹ̀ á di 150, ewédú tàbí ẹ̀fọ́ á kún abọ́. Ó ti wálẹ̀ sí bíi 1,980 báyìí, èròjà amúaradàgbà rẹ̀ sì ti tó bíi gíráàmù 130.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí epo. Wo ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò fún èèyàn mẹ́rin. Ṣíbí ìjẹun epo pupa kan ní bíi kálórì 120. Ẹni tó ń se ẹ̀fọ́ lè da ṣíbí mẹ́wàá sínú rẹ̀ kó tó rí i pé epo léfòó dáadáa. Kálórì 1,200 nìyẹn, 300 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó bu òkèlè. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé àmàlà ló ń mú àwọn sanra, bẹ́ẹ̀ epo tó wà lójú ọbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ń se ìkòkò kan fún gbogbo ilé, bẹ ẹni tó ń dáná pé kó jẹ́ kó o bu tìrẹ kí epo tó wọ̀ ọ́ tán, tàbí kó o máa bù láti ìsàlẹ̀, kó o fi èyí tó léfòó sílẹ̀. Ẹ̀wà kan náà ni wọ́n fi ń ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n inú òróró ni àkàrà ti jáde. Nígbà àfikún, jẹ èyí tó wù ọ́. Nígbà àdínkù, mọ́ínmọ́ín ni kó o mú. Ẹ̀gúsí náà lọ́ràá púpọ̀: fi sí ìgbà àfikún. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìgò 50 sẹ̀ńtílítà kan tó ní ṣúgà, ní bíi kálórì 200, kò sì ní mú ọ yó rárá.

Ìwọ̀n tó yẹ kó máa lọ lọ́sẹ̀ ni ìdajì kílò tàbí díẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Kílò kan ọ̀rá ara ní bíi kálórì 7,700. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ní òun fi kílò mẹ́ta ọ̀rá sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan fi ń tan ara rẹ̀ jẹ. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, iṣan á sì bá a lọ. Lọ́dún 1944 sí 1945, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà dín oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́kùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn kù gan-an fún oṣù mẹ́fà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀, agbára wọn lọ, ìbànújẹ́ bá wọn, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò tọ̀sán tòru. Ara tí ebi ń pa kì í yan ọ̀rá nìkan jẹ.

Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ti tó fún ìgbà àdínkù. Lẹ́yìn rẹ̀, jẹ ìwọ̀n tí ara ń ná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó o tó tún pinnu ohun tó kàn. Yan àsìkò rẹ dáadáa: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àdínkù nínú oṣù Kejìlá, òde ìgbéyàwó àti ọdún á bá a du ú. Oṣù Kìíní dára jù. Nínú oṣù Ràmàdáánì, má ṣe àdínkù lórí ààwẹ̀. Máa jẹ ìwọ̀n tí ara ń ná, kí ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà wà nínú sààrì àti ìṣínu, kó o sì gbé irin lẹ́yìn ìṣínu.

Irin àti oorun

Oúnjẹ àfikún láìsí irin, ikùn ló ń kọ́. Gbé irin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ìwọ̀n irin máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kó o sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà. Nígbà àdínkù, má ju irin wúwo sílẹ̀ kó o wá máa gbé fúyẹ́fúyẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. Irin tó kọ́ iṣan náà ló ń sọ fún ara pé kó má jẹ ẹ́. Rìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ bó o bá fẹ́ ná kálórì sí i. Sùn fún wákàtí 7 ó kéré tán, nítorí àìsùn máa ń mú kí ebi pọ̀ sí i, kí agbára sì dín.

Ohun tó ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn

Wọ́n ń ta dexamethasone àti cyproheptadine láwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn kan fún ẹni tó bá ní òun fẹ́ sanra. Mo bẹ̀ ọ́, má gbé e mì. Dexamethasone á mú kí ojú rẹ wú rogodo, ìwọ náà á rò pé oúnjẹ ń ṣiṣẹ́. Omi àti ọ̀rá ni. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń jẹ iṣan itan àti èjìká, iṣan gan-an tó o torí ẹ̀ wá sí jímù. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́, tó wá dá a dúró lójijì, lè dákú, ó sì lè pa á. Tó bá jẹ́ pé o ti ń lò ó, rí dókítà kó o tó dá a dúró. Cyproheptadine, oògùn ara yíyún ni. Ó máa ń mú kí ebi pa èèyàn, ó sì ń kun èèyàn lóorun. Abẹ́rẹ́ homonu tí wọ́n ń fi pamọ́ tà ní jímù náà, jìnnà sí i.

Creatine, yẹ̀fun tí àwọn tó ń gbé irin máa ń pò mu, ló yàtọ̀ nínú àwọn ohun tí wọ́n ń tà: ìwádìí ti pọ̀ lórí rẹ̀, gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́ sì tó fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá pé. Bí kò bá sí owó rẹ̀, ra ẹyin.

Ohun tó o máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí

1. Ra ìwé kan àti téèpù. Wọn ikùn àti gíga rẹ, kó o pinnu ìgbà tó kàn ọ́.
2. Fi 33 sọ ìwọ̀n ara rẹ di púpọ̀. Kọ ìdáhùn náà sí ojú ewé àkọ́kọ́.
3. Fún ọjọ́ méje, jẹ bó o ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ẹ̀pà ojú ọ̀nà àti epo ọbẹ̀.
4. Ṣírò èròjà amúaradàgbà rẹ. Bí kò bá tó, òun ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe, kó o tó fi kálórì kankan kún un tàbí yọ ọ́.
5. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ̀rẹ̀ àfikún tàbí àdínkù rẹ, kó o má sì yí i padà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé.

Ní orí karùn-ún, a ó to ètò irin gbígbé fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mú ìwé àkọsílẹ̀ yìí dání nígbà tó o bá fẹ́ kà á, nítorí orí iye tó wà nínú rẹ̀ la ó gbé ètò náà lé.